Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Merle Trezise Wá Tọ́ Ọtí Wò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Merle Trezise kọ̀ kí ó tó gbà. Lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é. Ó kà á tán, ó fi sábẹ́ ìkòkò tíì, kò sì dá wọn lóhùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Tamsin Hocking fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn, ó gbé ẹyin adìyẹ méjìlá dání, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ṣe ń ṣe.

“Àńtí Merle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ nílé ìpọntí àtijọ́, ẹ̀yin nìkan ló kù.”

“Norm Bickley ńkọ́?”

“Oṣù tó kọjá ni wọ́n sin Bickley. Ẹ̀yin lẹ ṣe búrẹ́dì tí a jẹ lọ́jọ́ náà.”

“Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà mọ̀ ni.”

Ó gba ẹyin, ó ní òun kò lọ. Oòrùn ń pa ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pè é wọlé.

Gbogbo ìlú Yarrabel ló mọ ohun tí Tamsin ń ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti kọ́ṣẹ́ ìpọntí ní Adelaide kí ó tó padà wálé wá ra òkú ilé ìpọntí tí àwọn kan ti fi ṣe ilé ìkó-irun-àgùntàn-sí, tí àwọn mìíràn ti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù àga. Nígbà tí wọ́n ń tún ilẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ṣe, wọ́n rí ìgò ọtí Yarrabel mẹ́ta tí ẹnì kankan kò tíì ṣí lábẹ́ pákó. Tamsin gbé wọn lọ sí Melbourne, àwọn onímọ̀ kan sì jí ìwúkàrà tó ti sùn sí ìdí ìgò náà láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ìwúkàrà yẹn ló fi ń pọn ọtí àtijọ́ náà padà, èyí tí àwọn baba wọn ń pè ní Ìkùukùu, nítorí pé bí o bá yí ìgò rẹ̀ lórí tábìlì kí o tó ṣí i, inú rẹ̀ á dàrú bí omi ògì.

Ní ìgbà kẹta, ìwé ni Tamsin mú wá. Ìwé ìpọntí ni, awọ rẹ̀ ti bó. Ó ṣí i síbi tó ti fi okùn sàmì, ó fi ìka tọ́ka sí etí ìwé. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó dà bí èèrà tó ń lọ: *Merle ní kí a dúró ọjọ́ kan sí i.* Lójú ewé mìíràn: *Merle ní ó ti tó.* Lójú ewé mìíràn ẹ̀wẹ̀: *Merle kò fẹ́ràn eléyìí, ẹ dà á nù.*

“Ó lé ní ogójì ibi tí orúkọ yín wà,” ni Tamsin wí. “Ta ló ń kọ ọ́?”

Merle mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ó wò ó títí, ó wá pa ìwé dé.

“Bọ́ bàtà rẹ kí o wọlé,” ni ó wí. “Ọjọ́ wo lẹ ń ṣe é?”

*

Clem ló ń kọ ọ́. Clem Rowe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Awakùsà ni baba wọn. Ìgbà tí eruku òkúta jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó sì kú, Clem, ọmọ ogún ọdún, gba iṣẹ́ ní àjà-ilẹ̀ ilé ìpọntí, níbi tí àwọn àgbá onígi ńláńlá wà, tí kò ní ìdérí, tí ọtí ń hó nínú wọn bí ìkòkò àdín. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó bá Merle wáṣẹ́ lókè, níbi tí wọ́n ti ń fọ ìgò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní ahọ́n tó mọ ọtí. Òun náà kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbóòórùn ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọtí sí, ó ní ọtí yìí ń ṣàìsàn. Àwọn ọkùnrin fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, tí àgbá náà látòkè délẹ̀ fi kan bíi ọtí kíkan. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá Oates tó ń pọntí a máa wá sídìí rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, a gbé gíláàsì kan síwájú rẹ̀ láàárín omi ọṣẹ, a ní, “Ó dáa?” Merle á tọ́ ọ wò, á sọ̀rọ̀ bí ó ṣe rí i, á sì padà sídìí ìgò. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Afọgò ni nígbà tó wọ ilé náà, afọgò ni nígbà tó jáde. Kò mọ̀ rí pé ẹnì kan ń kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, oòrùn mú gan-an, wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé àjà-ilẹ̀ kí ọtí má baà gbóná. Ọtí tó bá ń hó a máa mí, èémí rẹ̀ ń pani, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọra tẹ́ sí bí omi tí ojú kò rí. Reg Tonkin, tó ń bá Clem ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Merle ń gbé àpótí ìgò kọjá lẹ́nu àtẹ̀gùn nígbà tí Clem sáré dé. Clem yọ sìgá ẹnu rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

“Bá mi mú un,” ni ó wí. “Mò ń bọ̀.”

Merle dúró síbẹ̀, sìgá ń jó lọ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ó fi jó o níka. Òkú àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé jáde, Clem sì wà lórí Reg bí ẹni tó fẹ́ fi ara bò ó. Ilé ìpọntí ní wọ́n ti mutí yó ni, wọ́n ní wọ́n ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ni ìlú sì gbà á. Ọdún méje lẹ́yìn náà, àwọn ará Melbourne kan ra ilé ìpọntí náà, wọ́n sì tì í. Merle lọ ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn, ó fẹ́ Wal Trezise tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó bímọ méjì tó ń gbé ní Perth báyìí, ó sin Wal. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sìgá náà rí, títí kan Wal.

*

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹta ni wọ́n ṣe é, lọ́sàn-án gangan, ní àgbàlá ilé ìpọntí. Àwọn èèyàn tó wá tó ogójì. Graeme, baba Tamsin, ọkùnrin gìrìpá tó ń ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, ló ń yan sọ́séèjì lórí ààrò, ẹ̀mú lọ́wọ́. Wọ́n to tábìlì sí abẹ́ ìbòòji, wọ́n ki àbẹ́là bọ ẹnu àwọn ìgò òfìfo fún ẹ̀ṣọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúmọ́ ti mọ́ kanlẹ̀. Wọ́n fi Merle sí àárín. Aṣọ tí ó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

Kò tíì jókòó dáadáa tó ti mọ̀ pé nǹkan kan wà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ń kùn.

“Tamsin, kí ló ń kùn lábẹ́ ilẹ̀ yìí?”

“Fáànù ni, Àńtí. Ọtí kejì ló ń hó nísàlẹ̀. Mo tún àwọn àgbá onígi ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn gan-an ni mo ń ṣe é.”

“Ní àjà-ilẹ̀?”

“Ibẹ̀ náà ni.” Inú ọmọ náà ń dùn. Ó rò pé ẹ̀bùn ni òun fún ìyá àgbà náà.

“Ta ló ń bá ọ sọ̀ kalẹ̀?”

“Èmi nìkan. Fáànù yẹn lágbára, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé nìyẹn.”

Merle la ẹnu láti sọ ohun tó yẹ kí ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń ya fọ́tò ti dé iwájú rẹ̀, ó ní kí ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Wọ́n ti ń gbé ìgò bọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Tamsin tẹ́ ìgò sórí tábìlì, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó ṣí i, ó sì rọra bù ú sínú gíláàsì. Àwọ̀ oyin ni, ó sì dàrú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Merle gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Òórùn èso pia wà níbẹ̀. Òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú wà níbẹ̀. Ó mu ún. Fún ìgbà díẹ̀, ọmọ ogún ọdún ni, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọtí dé ọ̀nà ọ̀fun, ó sì parẹ́, bí ẹni tó kí ọ dáadáa ṣùgbọ́n tí kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Gbogbo ojú ń wò ó. Ó rọrùn láti purọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní ó dára, wọn á pàtẹ́wọ́, òun á jẹ sọ́séèjì kan, wọn á sì gbé òun lọ sílé.

“Iwájú rẹ̀ ni ti àtijọ́,” ni ó wí. “Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ kíá. Kev Dunstan, tó ni òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, ké láti ìdí ògiri: “Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Merle. Ahọ́n náà lè ti gbàgbé.”

“Ahọ́n tèmi ni mo fi mu ún, Kev, kì í ṣe tìrẹ tí bíà inú agolo ti pa.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ojú Tamsin ti pọ́n. “Àwọn ìgò yìí pẹ́ nínú oòrùn, Àńtí. Ó lè jẹ́ ohun tó pa ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n bu tinú àgbá wá, èyí tó ṣì ń hó. Ìṣẹ́jú méjì.”

Ó mú jọ́ọ̀gì, ó ti kọjá kí Merle tó dìde. Merle wò ó títí bàtà òjò rẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè, fi wọlé lọ. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó ń gbọ́ ìkùn náà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bí ó bá ti ń kùn, kò séwu.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọkùnrin kan tó fẹ́ ta gìtá fún wọn ki wáyà ẹ̀rọ agbóhùnsókè rẹ̀ bọ ihò iná. Ẹ̀rọ náà han bí ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo iná sì já. Àwọn èèyàn hó yèè. Kev rìn lọ sídìí àpótí iná, ó gbé súwíìṣì sókè, iná sì padà dé, gìtá náà sì dún.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kùn mọ́.

Merle dúró. Ó ka oókan títí dé ogún. Ilẹ̀ dákẹ́ bí òkúta.

“Graeme,” ni ó wí, “fáànù ti kú.”

Graeme ń yí sọ́séèjì padà. “Ẹ ní kí ni, Àńtí?”

Merle ti dìde. Ó fa àbẹ́là kan yọ lẹ́nu ìgò, ó gba láítà lọ́wọ́ Kev bí ó ṣe ń kọjá, kò bèèrè. Ilẹ̀kùn àjà-ilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Gílóòbù ń tàn nísàlẹ̀. Ó pe orúkọ Tamsin lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ̀ ló sì padà bá a. Ó tan àbẹ́là, ó fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dí imú, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ bí ó ti lè gùn tó. Iná náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di búlúù, ó kú.

Nísàlẹ̀, lórí òkìtì àpò ọkà báálì, ó rí bàtà aláwọ̀ ìyeyè kan.

Ó gun àtẹ̀gùn padà sókè, ó yí padà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ọ̀nà, nítorí ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ Graeme.

“Níbo ló wà?”

“Ó wà nísàlẹ̀. Ó ti ṣubú. O ò gbọdọ̀ wọlé.”

“Ẹ kúrò lọ́nà.”

“Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́. Wo àbẹ́là yìí.”

“Ọmọ mi ni, Merle!” Kò pè é ní Àńtí mọ́.

“Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ ni. Èémí méjì ni wàá mí, wàá sì ṣubú lé e lórí. Ta ló máa wá gbé ẹ̀yin méjèèjì?”

Graeme mú un léjìká láti gbé e kúrò. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan gbé táńkì omi ni. Merle fi apá kọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó dì í mú, nǹkan sì ṣẹ́ kẹ́ẹ́ ní èjìká rẹ̀. Kò tú u sílẹ̀. Ojú wọn súnmọ́ra débi pé ó ń gbóòórùn èéfín ẹran lára rẹ̀.

“Gbọ́ mi,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. “Ìdúró yìí gan-an ni mo dúró nígbà tí Clem ẹ̀gbọ́n mi kọjá. Kò mutí. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Ó wọlé lọ gbé Reg Tonkin, ó sì kú. Mo jẹ́ kí ó kọjá. Ìwọ ò ní kọjá.”

Graeme ń mí gùlegùle.

“Ilẹ̀kùn àgbá wà lẹ́yìn ilé,” ni Merle wí, “lójú ọ̀nà odò. Ó ṣe déédéé pẹ̀lú ilẹ̀ àjà yìí. Bí a bá ṣí i, èémí ọtí náà á ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Lọ gbé ọkọ̀ rẹ. Mú ẹ̀wọ̀n.”

“Kò sí ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀. Èmi ni mo tún páìpù ibẹ̀ ṣe.”

“Ó wà lẹ́yìn igbó ẹlẹ́gùn-ún. Wọ́n kan pákó mọ́ ọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rí i tí wọ́n ń yí àgbá gba ibẹ̀. Lọ, Graeme.”

Graeme wò ó. Títí di òní, àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò mọ ohun tó máa ṣe nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà, ó ju ẹ̀mú sílẹ̀, ó sì sáré.

“Kev,” ni Merle wí, “pe panápaná. Sọ fún wọn pé gáàsì ni, kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń mí wá. Lẹ́yìn náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá.”

“Kí n lọ tan fáànù ńkọ́?”

“Súwíìṣì rẹ̀ dà?”

Tamsin ti fi ibi tó wà han Kev lọ́jọ́ kan. Kev tọ́ka sísàlẹ̀, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ tún un tàn, ó sì yé òun náà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí àpò ìyanrìn.

Merle gba ẹ̀gbẹ́ ilé sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú ọ̀nà odò, apá òsì rẹ̀ rọ̀ dirodiro, àbẹ́là wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, Graeme ti ń fi ọwọ́ òfìfo fa igbó ẹ̀gún, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní apá rẹ̀. Pákó fara hàn, ó dúdú, ó ki. Ó sáré kó ẹ̀wọ̀n bọ̀ ọ́, ó wọnú ọkọ̀, ó tẹ iná. Ẹ̀wọ̀n já kúrò, ó sì na ara ọkọ̀ bí pàṣán. Ó tún un so. Lẹ́ẹ̀kejì, pákó kan ṣoṣo ló ya, ihò dúdú sì yọjú. Lẹ́ẹ̀kẹta, táyà ń yí lójú kan, erùpẹ̀ ń fò, ilé náà kérora, odindi férémù náà sì jáde pẹ̀lú bíríkì ara rẹ̀.

Ó ti ń bọ́ sílẹ̀ láti sáré wọlé. Merle ti wà lẹ́nu ihò náà.

“Dúró.”

“Merle, mo bẹ̀ ọ́.”

“Dúró. Jẹ́ kí ó jáde ná.”

Ó fi okùn inú ọkọ̀ Graeme so àbẹ́là mọ́ ọ̀pá ráàkì tí wọ́n fi ń ha koríko, ó tàn án, ó tì í wọlé. Ó kú. Ó fà á jáde, ó tún un tàn. Èémí ọtí náà ń ṣàn kọjá ní kokosẹ̀ wọn. Wọn kò rí i, ṣùgbọ́n wọ́n rí i tí koríko ń mì. Ó tì í wọlé. Iná náà dé àárín, ó di búlúù, ó kú. Graeme gbá ògiri, ó ń sunkún, kò sì mọ̀ pé òun ń sunkún. Ó so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó sì na orí kejì fún ọkùnrin onígìtá tó ti sáré tẹ̀ lé wọn.

Merle tàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tì í wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún tì í sí i. Iná náà tẹ̀. Iná náà tún dìde. Ó dúró.

“Lọ,” ni Merle wí.

Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Graeme fa ọmọ rẹ̀ jáde láti abíyá, ó tẹ́ ẹ sórí koríko. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ètè rẹ̀ dúdú. Graeme ti bá àwọn panápaná ìlú ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ rí, ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu, ó sinmi, ó tún fẹ́ ẹ. Merle kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ó ń ronú pé òun ni òun rán an lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ká ní òun ti sọ pé ọtí náà dára ni.

Tamsin wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó bì, ó sì ṣí ojú tí kò tíì mọ ẹni tó ń wò.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ fèrè panápaná lókè.

*

Ọjọ́ mẹ́rin ni Tamsin lò ní ilé ìwòsàn ní Bendigo. Dókítà ní orí àwọn àpò ọkà tó ṣubú sí ló gbà á. Ká ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ṣubú sí ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀. Wọ́n ti àjà-ilẹ̀ náà pa. Wọ́n so apá Merle mọ́ ọn lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn èèyàn ń gbé oúnjẹ wá fún un títí fíríìjì rẹ̀ fi kún.

Graeme nìkan ni kò wá. Merle rí i lẹ́ẹ̀kan níwájú ilé oògùn, Graeme sì ya sí òdì kejì títì. Merle kò bínú sí i. Ó mọ̀ pé ó ṣòro láti wo ojú ẹni tí o ti ṣẹ́ léjìká, ó sì tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ láti wo ojú ẹni tó ní kí o dúró nígbà tí ọmọ rẹ ń kú lọ, tí o sì gbọ́ tirẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òtútù ti dé, Tamsin wá pẹ̀lú ìgò mẹ́ta. Ó ti rù díẹ̀. Ọkọ̀ baba rẹ̀ ló gbé e wá, ó sì dúró níta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú.

“Òkè ni mo ti pọn eléyìí,” ni ó wí nídìí tábìlì ilé ìdáná. “Fèrèsé mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún so agogo kan mọ́ ògiri tó máa ń ké bí afẹ́fẹ́ bá yí padà.”

“O kò rò ó pé kí o fi í sílẹ̀?”

“Mo rò ó. Mo rò ó fún oṣù kan.” Ó ń fi èékánná họ lébẹ́ẹ̀lì ìgò. “Àńtí, Dádì ti sọ ohun tí ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà fún mi. Nípa Clem.”

Merle sọ ìyókù fún un. Ó sọ ti sìgá náà pẹ̀lú, kò sì sunkún. Ó pẹ́ kí ó tó sọ ọ́ tán, nítorí kò tíì sọ ọ́ rí, kò sì mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Tamsin kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó ní òun fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Bendigo pé àwọn ọkùnrin méjèèjì kò mutí yó, bí Merle bá gbà.

“Kọ orúkọ Reg sí i ṣáájú,” ni Merle wí. “Òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì wà ní Echuca.”

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ súwẹ́tà, ó jáde lọ bá ọkọ̀ tó wà níta. Graeme sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

“Bẹntiróò lò ń jó dànù,” ni Merle wí. “Wọlé.”

“Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún yín, Àńtí.”

“Mi ò ní kí o sọ nǹkan kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá wa ṣí ìgò. Apá mi kò tíì le.”

Ó wọlé. Ó yí ìgò àkọ́kọ́ lórí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ ńlá rẹ̀, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń yí ọmọ tuntun padà, ó ṣí i, ó bù ú fún ẹni mẹ́ta. Kò gbé ojú sókè.

“Ǹ bá wọlé lọ,” ni ó wí, ó ń wo inú gíláàsì. “Ní gbogbo òru ni mo máa ń wọlé lọ lójú àlá.”

“Mo mọ̀,” ni Merle wí.

Ó mu ọtí náà. Àwọn méjèèjì dúró dè é, ó sì fi sùúrù ṣe é, bí ó ṣe máa ń ṣe é láàárín omi ọṣẹ. Lọ́tẹ̀ yìí ọtí náà dúró díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun kí ó tó lọ.

“Ó ti súnmọ́,” ni ó wí. “Ṣúgà wo lo fi sí i?”

“Ti Queensland, aláwọ̀ pupa, bó ṣe wà nínú ìwé.”

“Báwo lo ṣe se ọtí náà?”

“Ooru omi ni.”

“Iná igi ni ọ̀gá Oates fi ń sè é, ìdí ìkòkò rẹ̀ a sì máa jóná díẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í kọ ìyẹn sílẹ̀, ojú a máa tì í. Dín ṣúgà díẹ̀ nínú ìkòkò irin títí etí rẹ̀ fi dúdú, kí o tó dà á sí i.”

Tamsin ń wá pẹ́ńsù kiri tábìlì. Graeme tún bu ọtí sínú gíláàsì ara rẹ̀, ó mu ún tán, ó ní tòun o, òun kò rí ohun tó ṣe é.

“Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi pè ọ́,” ni Merle wí, ó sì ti gíláàsì tirẹ̀ síwájú kí ó bu òmíràn sí i.

Láti oṣù náà ni ó ti ń lọ sí ilé ìpọntí ní gbogbo Ọjọ́rú. Òkè ló máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú wàràkàṣì díẹ̀ nínú àwo. Kí ó tó fọwọ́ kan gíláàsì, ó máa ń ní kí wọ́n tẹ agogo ara ògiri náà kí òun gbọ́ ọ. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tó ti ní kí wọ́n da odindi àgbá nù, Tamsin sì dà á nù.